Àmín tí Màámi Ń Ṣe fún Màdáámù Rẹ

Níkẹ́ àbúrò mi,

Màámi kí ọ, Testimony ọmọ rẹ kí ọ, ìyá Boma onílé wa náà ní kí n kí ọ. Èéfín dúdú ṣì ń ba aṣọ tí a bá sá jẹ́ ní Amadi-Ama níbí, ikọ́ Màámi ò sì lọ.

Testimony ti ń kọ́ èdè Sípéènì kó lè wá bá ọ. Lọ́sẹ̀ yìí, tíṣà kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sọ pé "má ṣe": hablar, sọ̀rọ̀, á di no hables, comer, jẹun, á di no comas. Bó ṣe wọlé, ó ní, "Uncle, na so that madam dey shout for Mummy back!"

Àṣé "má sọ̀rọ̀, má jẹun" ni màdáámù tó o ń bá ṣiṣẹ́ ilé ń pariwo mọ́ ọ bó o bá pè wá lórí fóònù! Àwa rò pé ó ń súre fún wa ni. Màámi á tẹ́wọ́ méjèèjì, á máa ṣe àmín.

Padà wálé. Bí o kò bá lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣáà wúkọ́, màá mọ̀ pé ò ń bọ̀. Ọlọ́run á kó ọ yọ.

Mi ò tíì sọ fún Màámi. Láàárọ̀ yìí, ó tún gbàdúrà fún obìnrin yẹn, ó ní kí ebi má pa á láéláé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Akínbíyìí