Ẹ̀rọ Tó Fẹ́ Ka Ọmọ Ìyá Rẹ

Abà Àjíṣafẹ́,
Lẹ́bàá Ìlá Ọ̀ràngún.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 1987.

Olúsọjí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o jí, ṣé ara Èkó le, ṣé wọn kò mú iná mànàmáná yín lọ lónìí? Àwa ń mí, a sì ń jẹun, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa yẹ̀ lójú ọ̀nà oko. Yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlọ ni àwa rí, a ò tí ì rí àbọ̀. Obì ọdún yìí so dáadáa, atẹ́gùn sì ti ṣí páànù ilé ìdáná ní apá kan, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló mú mi mú bírò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan ni, n kò rí irú rẹ̀ rí, ìwọ nìkan ni mo sì mọ̀ tó lè là mí lọ́yẹ.

O rántí pé nígbà tí o wálé kẹ́yìn, mo bi ọ́ pé kí ni o ń ṣe gan-an ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yín, o sì sọ fún mi pé àwọn àyè tí èèyàn ń kọ nǹkan sí lójú ẹ̀rọ ni o ń ṣọ́, pé bí ẹnikẹ́ni bá kọ ohun tí kò tọ́ síbẹ̀, ìwọ lo kọ́ ẹ̀rọ náà kí ó má gbà á. Ohun tí mo rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé o ń ṣọ́ nǹkan. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mégáàdì ni ọ́, mégáàdì kọ̀ǹpútà. Jóṣúà akọrin bi mí bóyá wọ́n fún ọ ní tọ́ọ̀ṣì, mo ní wọn ò lè ṣàì fún ọ. Má bínú sí mi, mo ti fojú ara mi rí iṣẹ́ náà báyìí.

Ojú ìyá rẹ ló gbé wa dé iwájú ẹ̀rọ tí mo ń wí. Awọ funfun tí mo kọ̀wé sí ọ nípa rẹ̀ lọ́dún tó kọjá ti bo ojú méjèèjì. Lọ́sẹ̀ kan báyìí, ó da iyọ̀ sínú ògì mi tó pè é ní ṣúgà, mo sì mu ún tán nítorí n kò fẹ́ kí ó mọ̀. Ni dókítà tó wà ní Ìlá bá fún wa níwèé lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan ní Ìbàdàn, ó ní wọn yóò ká awọ náà kúrò, bí a bá ti lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi rò pé inú ìwé ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ sí.

Nígbà tí a dé Ìbàdàn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Jùmọ̀kẹ́ ló jókòó síbẹ̀, ọmọ Ọ̀rà ni, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀rọ náà wà níwájú rẹ̀, ó dà bí tẹlifíṣọ̀n tí kò láwòrán, ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà aláwọ̀ ewé ló kún inú rẹ̀. Ìlà kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń ṣẹ́jú ṣáá. Mo kí i, kò dáhùn. Jùmọ̀kẹ́ ní kì í ṣe ojú, pé ibi tí ó ń retí kí òun kọ nǹkan sí ló ń fi han òun. Síbẹ̀ mo yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan jókòó síbẹ̀, wáyà nìkan ni mo bá.

Bí Jùmọ̀kẹ́ ṣe ń bi wá ni ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Orúkọ, ó gbà á. Abúlé, ó gbà á. Ó kan ọjọ́ tí wọ́n bí ìyá rẹ. O mọ̀ pé kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, mo kàn dá a lábàá ni, mo ní kó kọ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà. Ẹ̀rọ náà ké píìn. Mo rò pé ó ti mọ̀ pé mo ń purọ́. Jùmọ̀kẹ́ ní oṣù Kẹfà kì í kọjá ọgbọ̀n ọjọ́. Ó yí i sí ọgbọ̀n, ẹ̀rọ dákẹ́. Ó yà mí lẹ́nu, Sọjí. Ó mọ iye ọjọ́ tó wà nínú oṣù Kẹfà, kò sì mọ̀ pé n kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ìyàwó mi. Ọgbọ̀n yẹn náà, irọ́ ni, ó sì gbé e mì. Ṣé bí o ṣe kọ́ tiyín náà nìyẹn?

Lẹ́yìn náà ló wá béèrè iye ọmọ tí ìyá rẹ bí. Ìyá rẹ ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé a dúpẹ́. Ọmọ náà gbọ́ràn, ó kọ ọ́. Píìn. Mo ní kó kọ ọ́ pé wọ́n pọ̀ díẹ̀. Píìn. Mo ní kó kọ ọ́ pé Ọlọ́run ló mọ iye wọn, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán kí ó tó ké. Jùmọ̀kẹ́ ní nọ́ńbà nìkan ni ibẹ̀ yẹn ń jẹ, pé bí kò bá rí nọ́ńbà, kò ní jẹ́ kí òun dé ibi tí wọ́n ti ń mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Mo ní ṣé kò lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ó ní ìyẹn náà, kò ní gbà. Àwọn èèyàn ti tò sẹ́yìn wa, wọ́n ń pòṣé. Ni ọmọ ọlọ́mọ bá tẹ òdo, kí ọ̀nà lè là.

Ẹ̀rọ kò ké. Ṣé o gbọ́ mi? A sọ òótọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹta, ó ké lẹ́ẹ̀mẹta. A wá sọ fún un pé obìnrin tó bí ọ kò bímọ rí, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Èmi ni mo sì ṣe aṣìṣe, mo fẹnu mi ka òdo náà sókè. Ìyá rẹ dìde. Ó ní òun kò ní fi orúkọ àgàn gba ojú, kí wọ́n jẹ́ kí òun máa fọwọ́ tá ògiri lọ sílé òun. Ó ń wá ilẹ̀kùn, kò rí i. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́, mo sì rò ó pé bí a bá jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ojú yẹn ti lọ nìyẹn. Ó dùn mí wọra.

Jùmọ̀kẹ́ ló tẹ̀ lé e, ó kúnlẹ̀, ó fi Ìgbómìnà wa bá a sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò ní kà wọ́n, kí ìyá ṣáà dárúkọ wọn kí òun lè ṣàdúrà fún wọn. Ìyá rẹ jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Fọláṣadé ẹ̀gbọ́n rẹ àgbà, ó ń kì yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà ń ṣe àmín, mo sì rí i tó ń ká ìka kò lábẹ́ tábìlì. Ó pe Ọládùnní náà, ẹ̀gbọ́n rẹ tó kú lọ́mọ ọdún mẹ́ta, tí a kò dárúkọ rẹ̀ nínú ilé wa láti ọjọ́ yìí wá. Ìka tún ká kò. Ìwọ ló fi kádìí. N kò ní kọ iye náà síbí. Jùmọ̀kẹ́ tẹ̀ ẹ́, mo ń retí píìn nítorí Ọládùnní, kò ké. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹwàá, ni wọ́n fún wa.

Ohun tí mo wá fẹ́ bi ọ́ nìyí: bí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá jọ òótọ́ tí kì í sì í ṣe òótọ́, ta ni yóò ké? Tí o bá ráyè, bá mi fi àyè kékeré kan sí tiyín tí èèyàn lè kọ ọ́ sí pé a dúpẹ́.

Ìyá rẹ ní ọjọ́ tí wọ́n bá tú aṣọ kúrò lójú òun, ọjọ́ Ẹtì, òun kò ní kà yín, òun yóò kàn máa wo ojú yín ni. Àwọn yòókù ti ní àwọn yóò wá. N kò béèrè owó lẹ́ẹ̀kan yìí, ṣùgbọ́n bí owó páànù bá tẹ̀ lé ọ wálé, a kò ní lé e padà. Ọlọ́run tó sìn ọ́ lọ yóò sìn ọ́ bọ̀, iṣẹ́ rẹ kò ní bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ.

Ẹ̀rọ Ìbàdàn kà ọ́ mọ́ wọn láìké, bí ẹni pé àná lo kúrò nílé. Ó pé ọdún mẹ́ta, Sọjí. Láti ìgbà tí a ti dé ni ìyá rẹ ti ń dárúkọ yín, gẹ́gẹ́ bí ọmọ yẹn ṣe ní kó ṣe, bó bá sì ti dé orí tìrẹ, yóò kọjú sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ojú tí kò ríran, yóò máa ṣẹ́jú, bí ìlà kékeré yẹn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oyèlẹ́yẹ.