Iṣẹ́ Tí Mo Ṣe Lábẹ́ Orúkọ Ọ̀gá Mi

Ojúlé kẹtàlá,
Òpópónà Ọmọ́yẹni,
Okokomaiko, Ọ̀jọ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Àǹtí Adétọ́lá ọ̀wọ́n,

Irọ́ ni Stephen gbé wá sílé. Kò sẹ́ni tó lé mi kúrò ní iléèwé, n kò sì mú ìwé ayédèrú lọ bá ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ sọ ìyẹn fún Màmá kí ọkàn wọn balẹ̀.

Ó dáa, ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara yín le? Orókùn Màmá ńkọ́? Ṣé Moyinolúwa ti ń jẹun dáadáa lẹ́yìn ibà tó ṣe é? Ara tèmi náà le, mo dúpẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ kan wà nítòsí Ìyànà Ìbà tó ń gba àwọn àgbà. Ẹni tí kò bá ní wáèkì, tó sì ti ṣiṣẹ́ ọwọ́ fún ọdún márùn-ún, wọ́n á ka iṣẹ́ náà sí ìwé ẹ̀rí fún un. Ẹ mọ̀ pé ìwé mẹ́ta girama ni mo kà lábúlé. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣí sílẹ̀ fún mi nìyẹn. Ó ti sú mi kí n jẹ́ káfíńtà tí kò lè ka àwòrán ilé.

Wọ́n ní kí n kọ gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe sínú fọ́ọ̀mù. Ọdún méjì tí mo ti dá dúró nìkan ni mo kọ. Ọdún méje tí mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àkànjí, mo fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá ṣe, iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Lóòótọ́, èmi ni mo kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláṣọ funfun ní Ìbà. Ṣùgbọ́n kí n wá fi orúkọ ara mi sí i nígbà tí ọ̀gá mi wà láyé?

Ìyáàfin Títí Abọ́lá tó ń yẹ fọ́ọ̀mù wò ní ọdún méjì kò tó. Wọ́n ní kí n kọ ọdún méje náà kún un, kí ọ̀gá mi sì fọwọ́ sí i. Mo ní n kò ní kọ ọ́. Wọ́n dá mi lóhùn pé:

"Arákùnrin, agídí yìí ò ní gbé ẹ wọlé o."

Wọ́n dá fọ́ọ̀mù padà fún mi, wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ ni òpin. Stephen tó wá sí Èkó láti abúlé rí mi níbi tí mo ti ń jáde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ àti ojú kíkorò, ó sì fi ìyókù kún un fúnra rẹ̀.

N kò fẹ́ sọ fún ọ̀gá. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún wọn láti ọdún tó kọjá, wọn kì í sì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mọ́. Ìyàwó wọn tó gbọ́ ló bá mi sọ ọ́ fún wọn, ọ̀gá sì ní kí a gbé àwọn lọ síléèwé náà. Jídé tí a jọ kọ́ṣẹ́ wá kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó gbé wa. Ṣàkírát aránṣọ lọ aṣọ tí ọ̀gá wọ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù méjì gbé wọn sọ̀kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bàbá kan tí n kò mọ̀ rí sì… Ẹ jẹ́ kí n má kà wọ́n mọ́.

Ọ̀gá kọ̀ láti jókòó níwájú Ìyáàfin Abọ́lá.

"Orúkọ mi ló wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù, ìyá. Òun ló ṣe iṣẹ́ yẹn."

Ọ̀gá dárúkọ ilẹ̀kùn àti òrùlé tí mo ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àṣìṣe tí mo ṣe níbẹ̀ tí mo rò pé wọn kò rí. Nígbà tó kan ìfọwọ́sí, ọwọ́ ọ̀tún wọn kò gbéra. Àtàǹpàkò òsì ni wọ́n tẹ̀ síwèé.

Wọ́n ti gbà mí, Àǹtí. Sátidé tó ń bọ̀ ni a ó bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń padà sí Okokomaiko, ọ̀gá ní, "Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tí o parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí mo fún ẹ ní fírídọ́ọ̀mù." Mo di apá wọn tó kú mú, kí ó má baà máa lu ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́.

Ẹ bá mi kí Màmá àti ọkọ yín. Ẹ kí Stephen náà. Ẹ ní kó máa béèrè kó tó ròyìn.

Èmi ni àbúrò yín tí kì í gbọ́ràn,
Ayọ̀bámi.