Kọ́kọ́rọ́ Rẹ Ṣì Wà Nínú Ìwé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bí mo bá gbọ́ ọ yé lórí fóònù, iṣẹ́ tí ẹ ń gbé wọ ilé-iṣẹ́ yín báyìí ni pé kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo mọ gbogbo òṣìṣẹ́, kí ó mọ ilẹ̀kùn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ̀, kí ó ṣí i fún un, kí ó sì tì í mọ́ ọn lọ́jọ́ tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èmi tí mo ti ń tún àgádágodo ṣe láti ogójì ọdún, mo kí ọ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ilẹ̀kùn ire kò ní tì mọ́ ọ, ẹ̀rọ náà kò sì ní gbàgbé orúkọ ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ tàn án. Ara wa le. Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ yìí níbí. O mọ̀ pé ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ilé irinṣẹ́ ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ ọwọ́ wà. Mo ra ìwé, mo fa ìlà sí i: ta ni, ilẹ̀kùn wo, ọjọ́ wo ló gba kọ́kọ́rọ́, ọjọ́ wo ló máa dá a padà. O ní ẹnì kan kò gbọdọ̀ ní ju èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò lọ, nítorí náà mo gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ọ̀dà lọ́wọ́ bíríkìlà. Ó bi mí bóyá olè ni mo fi òun pè, mo ní rárá o, bí ẹ̀rọ ọmọ mi ṣe máa ṣe fún ọ̀gá pátápátá nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn, ó ní a jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni òun àti ọ̀gá yín.

O tún ní ẹni tó bá ti lọ, kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Káfíńtà tí à ń pè ní Ìṣó ti kó lọ láti ọdún mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ lọ bá a. Ó kó wọn fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó tún fi ìkẹrin kún un tí àwa méjèèjì kò mọ ilẹ̀kùn tó ń ṣí. Mo ti dán an wò lára gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò, àwọn aládùúgbò kan ò sì wò mí dáadáa mọ́.

Ti nọ́ńbà orí fóònù tí o ní ẹ̀rọ yín máa fi dá ènìyàn mọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, màá dúró lójú fèrèsé, màá fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀, yóò kà á fún mi. Obìnrin télọ̀ ní bàbá, ẹ mà ń wò mí lójú. Mo ní wíwò kì í ṣe ẹ̀rí. Fóònù rẹ̀ kò níná, a sì jókòó ti ara wa nílé onígbàjámọ̀ títí fóònù náà fi gba iná, tí obìnrin náà ń fi mí rẹ́rìn-ín. Báńkì mi náà fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ tó wà lára ògiri wọn wá ní kí n tẹ̀ ẹ́ fún òun. Mi ò tẹ̀ ẹ́, mo gba ilé lọ. Wọn ò rí mi mú.

Nígbà tí ti ẹgbẹ́ parí, mo kọ ti ilé wa náà sí ẹ̀yìn ìwé. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ ti mú mi. Ó fi ìka lé orúkọ rẹ, ó ní èyí ti kúrò nílé láti ọdún mẹ́fà, Ìṣó tó kó lọ láti ọdún mẹ́ta péré ni mo wọkọ̀ lọ bá, ti ọmọ mi wá ńkọ́? Ó ní òun ti ń wá ibi tí òun máa gbé ẹ̀rọ ìránṣọ òun sí, yàrá rẹ sì ṣófo, kí n yáa kọ ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ máa padà wọlé, ó pẹ́ tán, ọjọ́ Àìkú. Òfin tí èmi fúnra mi gbé kalẹ̀ ni.

Ni mo bá pè ọ́ lọ́jọ́ kejì, tí o ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nítorí ìpàdé. Mo bi ọ́ ohun tí ẹ ń ṣe sí ẹni tó ti pẹ́ tí ẹ ti rí, mi ò sì sọ ìdí tí mo fi ń bèèrè. O ní ẹ kì í yọ ẹnikẹ́ni kúrò torí pé ẹ ò rí i, pé ọ̀gá tó ni òṣìṣẹ́ náà ló máa ń fọwọ́ sí i lọ́dọọdún pé tiwa ṣì ni, tàbí pé kì í ṣe tiwa mọ́. Mo dúpẹ́, mo gbé ìwé àti bírò síwájú ìyá rẹ, mo ní ìwọ lo ni ín, fọwọ́ sí i. Ó wo bírò náà títí. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ sí i tagbára-tagbára débi pé ìwé ya. Níbi ọjọ́ ìdápadà, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé kò sí. Ó ní yàrá ìgbàlejò gba ẹ̀rọ ìránṣọ.

Owó tí o bá rí fi ránṣẹ́, ìwé tó nípọn ni màá fi rà, èyí ti kún. Ọlọ́run yóò fi ìrọ̀rùn tan ẹ̀rọ yín, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní dójú tì ọ́. Èmi bàbá rẹ ló kọ ọ́.

Díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé: Sátidé tó ń bọ̀ tí o ní ò ń bọ̀ wálé, má kan ilẹ̀kùn o, nọ́ńbà ni màá fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá kàn án. Mú kọ́kọ́rọ́ rẹ dání. Mo ti bu epo sójú ihò kọ́kọ́rọ́. Fi orúnkún ti ilẹ̀kùn díẹ̀, yí kọ́kọ́rọ́ sápá òsì lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì wọlé.