Mọ́tò Tó Ń Fò Lára Pátákó

Màámi,

Ẹ kú àárò mi. Ara mi le, ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò ráyè ránṣọ lóṣù yìí. Iwájú iléeṣẹ́ tó ń ta mọ́tò la máa ń wà, kí wọ́n lè yọ pátákó ìpolówó tí mọ́tò ti ń fò ní kọ́nà, tí wọ́n kọ “Má dúró de ẹnikẹ́ni” sí. Gbogbo ẹgbẹ́ wa, àwa tá ò fẹ́ eré àsápajúdé lójú títì, ló ń dúró, èmi nìkan ni mo ń jókòó bí ọba! Lánàá, ọ̀gá wọn jáde, ó ní àwàdà lásán ni pátákó náà. Ó wo àga mi, ó wolẹ̀, ó wọlé padà.

Ẹ ní kí ló dé tí fọ́tò mi kì í kọjá àyà. Ẹni tó ń yà á ni ò mọ̀ ọ́n yà.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi oníbàtà. Bàtà tó rán ti dé. Ti ọ̀tún bá mi mu rẹ́gí; ti òsì ṣì wà nínú páálí rẹ̀.

Ọmọ yín, télọ̀.