Láàpútọ́ọ̀pù Tí O Fẹ́ Rà, àti Àdúrà Ìyá Rẹ

Abúlé Alágbàá,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ayọ̀kúnnúmi ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ń lọ dáadáa ní Ṣómólú, ṣé omi kò tún ya wọ yàrá yín ní Bàrígà lẹ́yìn òjò ọjọ́sí? Ọlọ́run tí kì í sùn tí kì í tòògbé yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ, ẹ̀rọ kò ní gé ọ níka, ọ̀gá rẹ kò ní fi ojú burúkú wò ọ́, iṣẹ́ tí o bá tẹ̀ kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àmín. Àwa náà wà, a ń dúpẹ́. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bí ìbejì, atẹ́gùn sì ti ṣí páànù kan lẹ́yìn ilé ìdáná, ṣùgbọ́n mo ti gbé òkúta lé e.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ ìwé dípò kí n pè ọ́ ni pé Moshood ọmọ ìyá elépo ń bọ̀ ní Ṣómólú wá tẹ káàdì ìgbéyàwó rẹ̀, mo sì ní kó bá mi mú ìwé yìí àti èlùbọ́ díẹ̀ dání. Èkejì ni pé ìwé kì í já bíi fóònù, yóò dúró títí wàá fi kà á tán.

Inú mi dùn gidigidi lọ́jọ́ tí o pè mí nítorí láàpútọ́ọ̀pù tí o fẹ́ rà fún iṣẹ́ rẹ. Láti ọdún tó kọjá, o kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. O fi sùúrù là á yé mi pé nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ bára wọn mu kí èèyàn tó sanwó, ọpọlọ tó ń ṣe ìṣirò, àti mẹ́mọ́rì tó ń bá ọpọlọ gbé iṣẹ́ dání. O ní ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà kọjá láàárín wọn ni wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀sì, mo bi ọ́ pé èrò mélòó ló ń kó, o rẹ́rìn-ín títí o fi húkọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ. O ní eré tí bọ́ọ̀sì ọpọlọ lè sá ni kí eré mẹ́mọ́rì bá dọ́gba, pé bí ọ̀kan bá yá tí èkejì sì lọ́ra, èyí tó yá yóò kàn dúró máa wo èyí tó lọ́ra ni, wọn yóò sì jọ máa rìn ní ìrìn ẹni tó lọ́ra. O ní ìfowóṣòfò gbáà ni.

Ní tèmi, nǹkan méjì tí yóò jọ máa gbé inú ilé kan, tí wọ́n gbọ́dọ̀ bára wọn mu kí a tó sanwó, ìgbéyàwó nìyẹn, èèyàn kì í sì í gbé ìyàwó láìṣe ìwádìí. Nítorí náà mo lọ bá Màmá Beatrice, ìyàwó pásítọ̀ wa, mo ní kí wọ́n bá wa fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà. Wọ́n dúró níwájú ìjọ, wọ́n bẹ Olúwa pé kí ọpọlọ má ṣe fojú di mẹ́mọ́rì, kí mẹ́mọ́rì náà má sì ṣe agídí sí ọpọlọ. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ìwọ náà, bi ẹni tó ń tà á bóyá ilé kan náà ni wọ́n ti kó àwọn méjèèjì wá, àti bóyá àìsàn kankan wà nínú ìdílé wọn. Má tijú láti béèrè.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ lọ́jọ́ tí o pè náà, ọ̀rọ̀ èyí tó yá àti èyí tó lọ́ra yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. O mọ̀ pé láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ìyá rẹ, apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹnu rẹ̀ sì wúwo. Ọgbọ́n rẹ̀ pé, kò sí ohun tó gbàgbé. Ọ̀rọ̀ nìkan ni kì í tètè jáde. Bó bá fẹ́ sọ pé iyọ̀ kò tó nínú ọbẹ̀, mo lè ti jẹun tán kí iyọ̀ náà tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bá a parí ọ̀rọ̀, mo sì máa ń parí rẹ̀ sódì. Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ omi, mo gbé àga fún un, ó sì sunkún. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń jókòó tì í ni, màá máa gé ilá lọ, ó sì máa ń dé ibi tó ń lọ. Ó ń dùn mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Obìnrin tó máa ń kọrin lọ sódò, tó tún ń kọrin bọ̀.

Ti fóònù yín gan-an ló wá ń bà mí nínú jẹ́ jù. Bí o bá ti pè, ìyá rẹ máa ń fẹ́ gbàdúrà fún ọ bó ti máa ń ṣe láàárọ̀ nígbà tí o ń lọ sílé ìwé. Yóò pe oríkì rẹ, Àkànó, yóò mí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ tó kàn. Kó tó rí i, ìwọ ti ń ṣe àmín, àmín, o ti ní kó má bínú, pé oníbàárà ń dúró, pé wàá pè padà. Fóònù á kú. Òun kò mọ̀ pé ó ti kú. Á ṣì gbé e sétí, á máa bá àdúrà náà lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi parí rẹ̀, lẹ́yìn náà á rẹ́rìn-ín sí mi, á ní ọmọ òun ti dàgbà, pé ó máa ń dákẹ́ gbọ́ òun. N kò tíì lè sọ fún un.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Fóònù yìí ni eré rẹ̀ pọ̀ jù fún ẹnu ìyá rẹ, wọn kò bára wọn mu, bí o ti ṣàlàyé. Mo gbé e lọ bá Lazarus tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọjà, mo ní kó bá mi dín eré bọ́ọ̀sì inú rẹ̀ kù. Ó tú u, ó wò ó, ó tún un dé. Ó ní kò sí ohun tó ṣe fóònù náà, pé bóyá ẹni tó wà lódìkejì ló ń kánjú. Inú bí mi. Mo ní kò mọ ọmọ mi, mo sì gba fóònù mi lọ́wọ́ rẹ̀. Jọ̀ọ́, bá mi bi àwọn tó ń ta láàpútọ́ọ̀pù ní ọ̀dọ̀ yín, wọn yóò gbọ́n ju Lazarus lọ, bóyá wọ́n ní fóònù tó lọ́ra díẹ̀.

Ohun kan tí kò yé mi nínú àlàyé rẹ ni ibi tí o ti ní ìfowóṣòfò ni. Tẹ́lẹ̀, bí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo máa ń ṣáájú, màá ti jókòó, màá ti kọrin méjì, kí ìyá rẹ tó kó yín dé. Nísinsìnyí ó ń di apá mi mú, ìrìn rẹ̀ ni mo sì ń rìn. A máa ń dé nígbà tí wọ́n bá ń gba ọrẹ. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, ìgbà yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹni tó gbin ọsàn lójú ọ̀nà náà, àti pé ìyá rẹ kì í fẹ́ràn kí n ṣáájú. Èwo ló ṣòfò níbẹ̀? Dá mi lóhùn, ìwọ lo kàwé.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ owó. Òróró tí a fi ń ra apá ìyá rẹ ti tán, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kù díẹ̀, páànù náà sì ń wá ìṣó. Ohunkóhun tí o bá rí, fi rán Moshood. Má fi sí báǹkì, torí ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní àfi kí n gbé ojú mi síwájú ẹ̀rọ kó lè dá mi mọ̀, bẹ́ẹ̀ èmi yìí ni mo gbé e jó lọ́jọ́ ìkómọjáde rẹ̀. Ní ti láàpútọ́ọ̀pù, bí ọpọlọ tí o rí bá lọ́ra, má ra mẹ́mọ́rì tó yá jù ú lọ, ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé ìrìn kan náà ni wọn yóò rìn. Ra èyí tó bá a dọ́gba, kí o fi owó tó bá ṣẹ́kù wọkọ̀ wálé. Ó ti lé ní ọdún méjì. Ìyá rẹ kò béèrè, èmi ni mo ń béèrè.

Ó jókòó tì mí báyìí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní kó sọ àdúrà rẹ̀ kí n bá a kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé. Ó ń sọ, mo ń dúró, ó sì lọ báyìí: Àkànó, Olúwa tó gbọ́ ẹkún mi kí n tó bí ọ yóò gbọ́ tìrẹ. Ọwọ́ rẹ yóò tó ohun tí o ń lé. Ibi tí eré rẹ kò bá gbé ọ dé, àánú yóò gbé ọ débẹ̀.

Ó dúró níbẹ̀. Mo rò pé ó ń wá ọ̀rọ̀ ni, mo mú sùúrù. Nígbà tó yá, ó ní èyí tó kù kì í ṣe ti inú ìwé, pé òun fẹ́ gbé ọwọ́ lé ọ lórí kí òun tó sọ ọ́. Mo rán an létí pé ọwọ́ òsì nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́, a kì í sì í fi ọwọ́ òsì súre fún ọmọ. Ó ní òun mọ̀. Ó ní bí o bá dé, kí o kúnlẹ̀ síwájú òun, òun yóò fi òsì gbé ọ̀tún, òun yóò sì gbé e lé ọ lórí. Ó ní yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó débẹ̀, kí o jọ̀wọ́ má tètè dìde.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ikúmápàyí.