Páálí Lásán Ló Kún Ilé Wa

                                        Yàrá Kẹta, Ilé Alájà Méjì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Iṣẹ́ aránṣọ tí ẹ̀ ń kọ́ ńkọ́, ṣé ọ̀gá yín ti jẹ́ kí ẹ máa gé aṣọ fúnra yín, àbí bọ́tìnnì náà lẹ ṣì ń rán? Ẹ̀yìn tó ń dun Mọ́mì yín ńkọ́, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Dádì yín ńkọ́? Mo mọ̀ pé inú ń bí wọn sí wa, síbẹ̀ mo kí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rí ibi tí báírò ti dá ihò sí bébà, ẹ má bínú. Orí itan mi ni mo ti ń kọ ọ́, mi ò sì lè jókòó sídìí fèrèsé. Màá sọ ìdí ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tí Bàámi ti ń ru ẹrù ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé tẹlifíṣàn, fìríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Tí oníbàárà bá ra nǹkan, wọ́n á tú u níbẹ̀ kí wọ́n lè dán an wò, ẹlòmíì á sì fi páálí ẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan Bàámi gbé páálí tẹlifíṣàn kan wálé pé ká máa kó aṣọ sí i. Ni Màmá Tuntun bá yọjú. Obìnrin tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa ni, kò sí ohun tó jáde tí kì í rà, ìyẹn la ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Háà! Ẹ kú oríire o! Tẹlifíṣàn tó fẹ̀ tó báyìí? Ẹ ò tiẹ̀ ta wá lólobó!" Ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin yìí ò kí Màámi dáadáa rí. Màámi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "A dúpẹ́ o." Wọn ò purọ́. Wọn ò kàn sọ òótọ́ ni.

Látọjọ́ yẹn ni Bàámi ò ti sinmi. Páálí ẹ̀rọ ìfọṣọ dé, ti fáànù dé, ti fìríìjì onílẹ̀kùn méjì dé. Èmi àti àbúrò mi la máa ń gbé e láti etí títì, ọ̀sán gangan ni o, kí gbogbo ayé lè rí wa. Màámi ní ká máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àbúrò mi sọ tiẹ̀ di eré orí ìtàgé, ó ń kérora bí aláboyún tó ń rọbí, títí káfíńtà tó wà níwájú ilé fi ṣàánú wa. Ó ní, "Ẹ sún kúrò ńbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má lọ kán lẹ́yìn." Ó fi gbogbo agbára ẹ̀ gbé e, páálí fò sókè, díẹ̀ ló kù kó fẹ̀yìn lélẹ̀.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Fóòmù ni, sà," àbúrò mi dáhùn.

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò ní tàn yín, mo gbádùn ẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó máa ń yọ ṣùtì sí bàtà mi nídìí ẹ̀rọ omi bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí n kọ́kọ́ pọn tèmi.

Àmọ́ ilé wa ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. A ti bo fèrèsé. Ẹ ṣáà mọ bí Màámi ṣe fẹ́ràn àlejò tó. Ní báyìí, ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ti dá a dúró, wọ́n á fi ara dí i kó má bàa rí inú. Ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ máa ń di irun fún ara wọn wá, ó tún wá, nígbà tó yá kò wá mọ́.

Ọjọ́ tí Dádì yín wá, a ò sí nílé. Wọ́n rí páálí tá a tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màmá Tuntun sì bá wọn ṣàlàyé ìyókù. Nígbà tí ilé ìwé fẹ́ wọlé, wọ́n pe Bàámi lórí fóònù. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, èmi tí mò ń sanwó ilé ìwé ọmọ ẹ, fìríìjì tó ń jò ni mò ń lò. O ti dolówó, máa sanwó ọmọ ẹ." Bàámi lanu. Màámi ń mi orí sí wọn pé kí wọ́n má sọ ọ́. Bàámi ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi." Ó parí. Páálí lásán ni, ìyẹn nìkan ni wọn ì bá sọ, àgbàlagbà méjì ò lè sọ ọ́.

Ilé ìwé wọlé láìsí èmi. Màmá Tuntun béèrè pé kí ló dé tí mo ń jókòó sílé. Kí n tó dáhùn, Màámi ti ní ilé ìwé olówó ńlá kan ni wọ́n ń mú mi lọ, èyí tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ sùn, Sátidé ni mò ń lọ. Nígbà tí Sátidé dé, wọ́n di ẹrù fún mi lóòótọ́. Mo ń juwọ́ sí àwọn ará ilé. Káfíńtà tiẹ̀ ṣàdúrà fún mi. Bàámi mú mi lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọn, nígbà tí ilẹ̀ ṣú a gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Inú yàrá ni mo wà látìgbà náà. Mi ò gbọdọ̀ kọrin, mi ò gbọdọ̀ yọjú. Ẹ má rò pé ìkà ni Màámi o. Wọ́n máa ń ra bisikíìtì wá fún mi, wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á ní, "Fara dà á, ọmọ mi, a ó rí i ṣe." Wọ́n á wá bú sẹ́kún, èmi ni màá tún máa rẹ̀ wọ́n. Ara mi á wá máa gbóná fún ìbínú, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí gan-an.

Lánàá, Màmá Tuntun wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí eruku páálí kó sí mi nímú. Mo sín.

"Ta nìyẹn?"

"Tẹlifíṣàn ni," Màámi dáhùn kíá.

"Tẹlifíṣàn yín mà ń sín bí èèyàn o! Owó dáa."

Mo ki orí bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ pa mí. Ẹkún ni.

Láàárọ̀ yìí, kí Bàámi tó lọ síbi iṣẹ́, wọ́n gbé bébà àti báírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ní, "Tó o bá fẹ́ kọ̀wé sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kọ ọ́. Mi ò ní kà á." Wọn ò wojú mi.

Ẹ bá mi kí Mọ́mì yín, kí ẹ sì bá mi kí ọ̀gá yín tó fún mi ní aṣọ péńpé ìjọsí, ó ṣì bá mi mu. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ gbogbo ohun tí mo kọ síbí fún Dádì yín. Kí wọ́n má fowó ránṣẹ́. Kí wọ́n wá fúnra wọn, lójú ọ̀sán, nígbà tí èrò bá pọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Kí wọ́n má kan ilẹ̀kùn, torí Màámi á ní mi ò sí nílé. Kí wọ́n dúró sí àárín ọgbà, kí wọ́n pe orúkọ mi sókè. Mo mọ ojú tó máa ti Màámi. Bóyá wọn ò tiẹ̀ ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Àmọ́ tí Dádì yín bá pè mí, màá dáhùn.

                                        Èmi ni àbúrò yín tó ń retí,
                                        Pẹ́lẹ́ńgẹ́.