Ẹni Tí Adájọ́ Ń Rẹ́rìn-ín Sí

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti inú ilé tí a ti bí ọ. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń rí oorun sùn, ṣé o sì ń rántí jẹun? Ní tiwa níbí, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn mọ́, a dúpẹ́. Ara le, ọkàn ni kò le. Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló dé tí màmá ò pè mí lórí fóònù. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ báyìí, ẹkún ló máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, mi ò sì ní rí gbólóhùn kan sọ délẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó aṣọ àwọn oníbàárà kúrò lórí tábìlì tí mo fi ń lọṣọ, tí mo jókòó tì í, tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ni. Láti ọjọ́ tí o ti pè é, tí o sọ ohun tí o sọ fún un, Adájọ́ ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Á kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, ṣùgbọ́n kò ní fọhùn. Á gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá yín lẹ́yìnkùlé, á jókòó sáàárín àwọn irin tí wọn ò rí jó pọ̀ kí wọ́n tó lọ, á sì gbé oúnjẹ náà padà wá bó ṣe gbé e lọ. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, tí bàbá yín fi sọ ọ́ ní Adájọ́, torí pé kò sí ìjà ẹran tàbí ìjà ta ló jókòó sórí àga ta ni tí kì í dá nínú ilé yìí, tó sì jẹ́ pé ìwọ ló sábà máa ń dá lẹ́bi. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ọkọ mi, mi ò fẹ́ kí ọmọ mi náà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lójú mi.

Mi ò kọ̀wé yìí láti bá ọ wí. Mo mọ bí fọ́tò yẹn ṣe máa rí lójú rẹ. Wọ́n ti ọ̀nà pa nítorí àrùn tó gbòde, o ò rí ọkọ̀ wọ̀ wálé. Àbúrò bàbá yín pè ọ́ lọ́sàn-án pé bàbá rẹ ti kú láàárọ̀ kùtù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, o ṣí fóònù, o rí àbúrò rẹ níbi tí ilé ìwé wọn gbé fọ́tò sí, nínú aṣọ funfun, ó gbé mẹ́dàlì sókè, gbogbo eyín rẹ̀ wà níta. Èmi náà ì bá bínú. Ṣùgbọ́n o sọ fún un pé, “Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́. Òkú bàbá ẹ ò tíì tutù, ò ń yayọ̀ níwájú kámẹ́rà.” Kò gbèjà ara rẹ̀, ó kàn gbé fóònù sílẹ̀. Ọmọ mi, nígbà tí wọ́n ya fọ́tò yẹn, kò mọ̀ pé bàbá òun ti kú. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa.

O mọ ìgbà tí ikọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀. Ohun tí o ò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe gbé bàbá yín lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn tó wá gbé wọn bo ara wọn látòkè délẹ̀, ojú wọn nìkan la rí, wọ́n ní kí a má sún mọ́ ọkọ̀. Bàbá yín ní kí n má sunkún, pé iná tí àwọn fi ń jórin láti kékeré ò pa àwọn, ikọ́ ni yóò wá pa àwọn ni? Mo rẹ́rìn-ín. Àwàdà tí wọ́n bá mi ṣe kẹ́yìn lójúkojú nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò jẹ́ kí á wọ ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló ṣàánú wa, tó máa ń fi fóònù tirẹ̀ pè wá kí bàbá yín lè gbọ́ ohùn wa. Bí wọ́n ṣe ń mí gúlegúle tó, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́: “Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mẹ́dàlì yẹn kọ́ ọmọ mi lọ́rùn o. Mò ń bọ̀.”

Ìwọ ò lọ sí ilé ìwé àwọn Sístà, nítorí náà ó lè má yé ọ. Àṣà kan wà níbẹ̀. Níbi Mísà ìdágbére, nígbà tí àwọn ọmọ bá jáde ìwé mẹ́wàá, ẹni tó bá fa ọmọ lọ́wọ́ wọ ọgbà ilé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ni yóò fi mẹ́dàlì Ìyá Màríà kọ́ ọ lọ́rùn níwájú pẹpẹ. Ìbáà ṣe ìyá, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n, ìbáà ṣe aládùúgbò. Bàbá yín ló fa Adájọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, wọ́n wọ ẹ̀wù kan ṣoṣo tí iná ò tíì ta sí, wọ́n sì sin ọmọ náà débi tí Sístà fi ní, bàbá, ó tó, ẹ padà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń retí ọjọ́ mẹ́dàlì. Kí àìsàn tó dé rárá ni wọ́n ti ní kí n lọ ẹ̀wù tí wọ́n máa wọ̀. Ó ṣì wà lára ìkọ́, mi ò lè ká a.

Àrùn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè péjọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Sístà ọ̀gá ilé ìwé ní àwọn ò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó sá jáde. Wọ́n ṣètò pé láàárọ̀, bọ́ọ̀sì ilé ìwé yóò gbé mẹ́dàlì lọ bá ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Lọ́sàn-án, Fadá yóò dá rú Mísà nínú ṣọ́ọ̀ṣì òfìfo, a ó máa gbọ́ ọ lórí fóònù, wọn yóò pe orúkọ àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan, kí oníkálùkù dìde níbi tó bá wà nínú ilé bàbá rẹ̀. Àwọn kan ní eré ọmọdé ni. Adájọ́ ní bí ó bá jẹ́ eré, òun máa ṣe é dáadáa.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé, agogo ọwọ́ tí wọ́n fi ń pe ọmọ wọ kíláàsì ni Sístà ń lù. Àwọn aládùúgbò yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Sístà gbé mẹ́dàlì sórí àpótí kan ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n fà sẹ́yìn kí á lè mú un. Mo nawọ́ sí i, Adájọ́ yára mú un jù mí lọ. Kò fi kọ́rùn. Ó ní, “Ẹ má bínú, Sístà. Bàbá mi ló máa fi kọ́ mi lọ́rùn, wọ́n ní àwọn ń bọ̀.” Sístà yíjú sẹ́yìn, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ń nù ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ẹ jẹ́ á ya fọ́tò kan tí a lè fi ránṣẹ́ sí bàbá.

Fọ́tò tí o rí nìyẹn. Omi ti lé sójú ọmọ náà, ó ní kí Sístà dúró ná. Ó wọlé lọ bọ́jú. Mo tẹ̀ lé e, mo bá a níwájú dígí, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé, ó ń wá ẹ̀rín. Ó ní, “Màmá, bí bàbá bá rí i pé mo ti sunkún, wọ́n á rò pé dókítà ti sọ nǹkan fún wa tí wọn ò sọ fún àwọn.” Ó jáde, ó gbé mẹ́dàlì sókè kí bàbá yín lè rí i pé kò tíì sí lọ́rùn, pé ó ń dúró dè wọ́n. Kì í ṣe aráyé ló ń fi ẹ̀rín hàn. Bàbá rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín sí. A fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí fóònù nọ́ọ̀sì, inú wa sì dùn, kí n má purọ́ fún ọ. Bẹ́ẹ̀ bàbá yín ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

O máa bi mí pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa. Nọ́ńbà tí bàbá yín fún ilé ìwòsàn nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, nọ́ńbà fóònù wọn ni, fóònù náà sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn, ó ti kú. Òun ni wọ́n ń pè láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì wa ti lọ sílé lọ sùn. Fadá tó ń bẹ àwọn aláìsàn wò, tó fi òróró ra bàbá yín lára, ló sọ fún ìjọ wa kí wọ́n lè gbàdúrà fún wọn. Katikíìsì, olùkọ́ ìjọ wa, sì fi orúkọ wọn kún ti àwọn olóògbé ọjọ́ náà. Kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Láàárín àwa ọmọ Àgùdà, ta ló máa ń mú orúkọ olóògbé lọ fún Mísà bí kò ṣe ẹbí? Ó gbà pé a ti mọ̀.

Bí mo ṣe gbọ́ ikú ọkọ mi nìyẹn. A jókòó nínú pálọ̀, a gbé fóònù ti ìkòkò òdòdó, Adájọ́ wà nínú aṣọ funfun rẹ̀. Katikíìsì ní Mísà yìí wà fún ìdúpẹ́ lórí àwọn ọmọ wa tó jáde, àti fún ìsinmi ọkàn àwọn wọ̀nyí. Ó pe orúkọ ìrìbọmi bàbá yín pẹ̀lú orúkọ ilé wa. Mo pòṣé. Mo ní ọkùnrin yìí ti tún ṣì í kà, àárín àwọn aláìsàn ló yẹ kó ka orúkọ yẹn sí. Àbúrò rẹ ò pòṣé. Ó wò mí, ó sì wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ó gbá ẹsẹ̀ mi mú. Ìgbà náà ló tó yé mi. Mo bọ́ sílẹ̀, mi ò mọ igbe tí mo ké.

Mísà ò dúró, ta ló máa dá a dúró? Wọ́n ń pe orúkọ àwọn ọmọ, àwa wà nílẹ̀. Wọ́n pe orúkọ Adájọ́. Ó dìde. Ọwọ́ rẹ̀ kan ò kúrò lọ́wọ́ mi, ó dìde, ó ní, “Èmi nìyí,” ó sì tún padà jókòó sílẹ̀ tì mí. Èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ. Ṣé ayọ̀ nìyẹn, ọmọ mi? Mi ò tíì rí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dáyé.

Àbúrò bàbá yín, tó ń gbọ́ Mísà náà nílé tirẹ̀, ló pè ọ́ lọ́sàn-án yẹn. Katikíìsì wá lọ́jọ́ kejì, ó dúró níta, ó dọ̀bálẹ̀ sórí kọ́ńkéré, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Mo ní kó dìde. Sístà náà pè, wọ́n ní ẹni tó ń gbé fọ́tò síta ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò báyìí, ṣùgbọ́n o ti rí i.

Nígbà tí wọ́n sin bàbá yín, èmi àti àbúrò rẹ nìkan ni wọ́n gbà láyè, a sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Adájọ́ juwọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn tó gbé pósí, ó na mẹ́dàlì sí i, ó kúnlẹ̀, ó ń tọ́ka sí pósí. Ọkùnrin náà gbé e sórí pósí kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ sí i. Kò fi kọ́ ọrùn rẹ̀ rí. Mo ń sọ èyí kí o má baà béèrè mẹ́dàlì náà lọ́wọ́ àbúrò rẹ láé.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ò pọ̀. Pè é. Má ṣe àlàyé gígùn, má sì sọ pé inú ló bí ọ. Sọ pé o ti gbọ́. Bí kò bá fọhùn, má pa fóònù, kí ẹ̀yin méjèèjì dákẹ́ síbẹ̀.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ níbi tí ọwọ́ mi ò ti tó ọ. Yóò tu gbogbo wa nínú, yóò fi ìsinmi fún bàbá yín, ọ̀nà yóò là, èmi yóò sì fojú kàn ọ́ láìpẹ́. A ò ní rí irú èyí mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tí kò sì ní ju ẹ̀yin méjì lọ,
Màmá.

Mo tún rántí: Bí mo ṣe ń wá àpòòwé ni àbúrò rẹ wọlé. Ó dúró lórí mi títí, ó wá bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ láti ọjọ́ yẹn nìyẹn. Mo ní ìwọ ni. Mo rò pé ó máa bínú jáde. Ó ní kí n bá òun bi ọ́ bóyá ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ níbẹ̀ tó ń bá ọ sunkún bàbá, àbí ìwọ nìkan lo ń dá a sun.